Ṣíngọ́ọ̀mù nikotíìnì kò ràn mí lọ́wọ́: ṣé ìtọ́jú gidi wà fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá?

Tíṣà Òkè-Ògùn:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìṣẹ́yìn, ẹni ọdún 48 sì ni mí. Bàbá mi gbin tábà títí ó fi darúgbó, owó ewé tábà ni ó sì fi rán èmi àti àwọn àbúrò mi níwèé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fi sìgá kan ẹnu rí. Èmi tí n kò fẹ́ràn oko rárá ni mo wá di ẹrú ewé náà. Ọmọ ogún ọdún ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Lónìí, páálí kan, ìyẹn ẹyọ 20, ni mo ń fà lójoojúmọ́, kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́yìn tí mo bá lajú kí n tó tan àkọ́kọ́. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yìn oko ilé-ẹ̀kọ́ ni mo máa ń yọ́ lọ, n ó sì jẹ orógbó lé e kí òórùn rẹ̀ má baà tú mi fó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wá bá mi, mo sì rí i pé ńṣe ni ó sé èémí títí ó fi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀; èyí tó pẹ́ jù kò ju ọjọ́ 19 lọ. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé nínú oṣù Ràmàdánì, mo máa ń wà láìfa sìgá láti ìdájí títí di ìgbà ìṣínu, n kì í sì í jẹ̀bi ààwẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe ìrun màgáríbì, kí omi tó kọjá lọ́nà ọ̀fun mi ni mo ti ń wá ìṣáná. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ṣíngọ́ọ̀mù nikotíìnì (èròjà inú tábà tó ń sọ sìgá di bárakú) oní-mílígíráàmù 2 ní ilé oògùn kan ní Ìbàdàn. Ẹni tó tà á fún mi kò ṣe àlàyé kankan. Mo ń rún un bí a ti ń rún ṣíngọ́ọ̀mù ọmọdé, mẹ́ta lójúmọ́. Ẹnu mi ń ta, òsúkè mú mi, àyà ń ta mí, nígbà tó sì fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan mo ti padà sí ẹ̀yìn oko.

Ìyàwó mi ní ọkàn líle nìkan ni oògùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà nílẹ̀ òkèèrè ní oògùn oníkóró wà tí wọ́n fi ń wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n gbà gbọ́? Ó yẹ kí n sọ ọ́ pẹ̀lú pé wárápá ṣe mí nígbà èwe, mo sì lo oògùn rẹ̀ títí mo fi pé ọmọ ọdún 15. Kò tún ṣe mí mọ́ láti ìgbà náà.


Apòògùn Bódìjà:

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ káàbọ̀. Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tí ẹ sọ yẹn ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ìyàwó yín wà. Ẹni tó lè gbààwẹ̀ fún oṣù kan gbáko kò ṣe aláìní ọkàn. Nikotíìnì kì í pẹ́ lára: láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti lọ, nítorí náà nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ọpọlọ yín ti ń pebi rẹ̀ láti ọ̀sán gangan. Èéfín sìgá sì ni ọ̀nà tó yá jù lọ láti fi bọ́ ọpọlọ yẹn, torí pé ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 péré ni nikotíìnì fi ń ti ẹ̀dọ̀fóró dé ibẹ̀. Bí a bá ka fífà mẹ́wàá sí ẹyọ kan, ẹ ń fún ọpọlọ yín ní ẹ̀kọ́ yìí báyìí ní ìgbà tó lé ní 70,000 lọ́dún, ó sì ti pé ọdún 28 tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní bárakú nìyẹn, kì í sì í ṣe ìwà ìbàjẹ́.

Ṣùgbọ́n nikotíìnì tó ń dè yín mọ́lẹ̀ kọ́ ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀dà inú èéfín àti kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì tó ń gba àyè afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ májèlé mìíràn tí iná ń tú jáde lára ewé, ni wọ́n ń ba ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi lè fún ènìyàn ní nikotíìnì láìsí èéfín, kí ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó bá ń kọ́ láti gbé ìgbé ayé láìsí sìgá, lẹ́yìn náà kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ṣíngọ́ọ̀mù yẹn, òun kọ́ ni ó já yín kulẹ̀; ẹni tó tà á láìṣàlàyé ni. Ẹni tó bá ń fa sìgá àkọ́kọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jí, oní-mílígíráàmù 4 ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe 2. Mẹ́ta lójúmọ́ kò sì tó nǹkan kan fún ẹni tó ń fa ẹyọ 20. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹyọ kan láàárín wákàtí kan sí méjì ni a ń lò, ìyẹn ó kéré tán ẹyọ mẹ́sàn-án lóòjọ́, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jìnnà síra. A kì í sì í rún un láìdáwọ́ dúró. Ẹ ó rún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni jẹ atare, lẹ́yìn náà ẹ ó sún un sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí títa náà yóò fi lọ, kí ẹ tó tún rún un; báyìí ni ẹ ó ṣe é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ara ẹnu ni nikotíìnì inú rẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbé mì pẹ̀lú itọ́ ni ó ń fa òsúkè àti àyà títa, kì í sì í wúlò púpọ̀. Ẹ má ṣe mu kọfí, ẹlẹ́rìndòdò tàbí omi ọsàn ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, torí pé kíkan tí wọ́n kan kì í jẹ́ kí ara ẹnu gba nikotíìnì dáadáa.

Ohun tí mo máa fẹ́ kí ẹ fi kún un ni àlẹ̀mọ́ra nikotíìnì, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ apá tàbí àyà ní àárọ̀. Òun ń tú nikotíìnì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣíngọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ wà fún ìgbà tí ìyánhànhàn bá ṣàdédé dé, bí ìgbà tí ẹ bá jẹun tán tàbí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú yín bínú. Lílo méjèèjì pọ̀ dára ju lílo ọ̀kan lọ. Ìwádìí ti fi ìyẹn hàn dáadáa. Fún ẹni tó ń fa ju ẹyọ mẹ́wàá lọ lójúmọ́, a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí oní-mílígíráàmù 21 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ó lọ sí 14 fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ó sì fi 7 parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni pé àwọn ènìyàn a bẹ̀rù oògùn yìí, wọn a lo díẹ̀ nínú rẹ̀, wọn a dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọn a wá sọ pé kò ṣiṣẹ́. Wọn kò sì bẹ̀rù ẹyọ sìgá 20.

Ọ̀rọ̀ wárápá tí ẹ dá yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Oògùn oníkóró kan wà tí ń jẹ́ bupropion, tí a kọ́kọ́ ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí a wá rí i pé ó ń dín ìyánhànhàn sìgá kù. Ẹ má ṣe sún mọ́ ọn, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun, nítorí pé ó lè ta wárápá jí. Oníkóró kejì, varenicline, kò ní irú ìkìlọ̀ líle bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìtàn yín fún dókítà kí ó tó kọ ọ́ fún yín.


Ọmọ Ìṣẹ́yìn ní Peckham:

Tíṣà, ará ìlú mi, mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí níbí, ọdún 2019 ni mo sì jáwọ́. Mo fẹ́ sọ bí varenicline ṣe rí lára ẹni tó lò ó, nítorí pé apòògùn wa ti sọ tirẹ̀ tán.

Níbí, ètò kan wà lábẹ́ NHS, ìyẹn iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ran àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá lọ́wọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ rí nọ́ọ̀sì kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n sé èémí, kí n sì fẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì. Ẹ̀rọ náà ka 26. Ẹni tí kò fa sìgá kì í tó 10. Kò sí ìwàásù tó wọ̀ mí lára tó nọ́ńbà yẹn, nítorí pé mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé ẹyọ mẹ́fà péré ni mò ń fà.

Varenicline máa ń jókòó sí ibi tí nikotíìnì ń jókòó sí nínú ọpọlọ. Ó ń ta á jí díẹ̀, kí ìyánhànhàn má baà pọ̀ jù, ó sì tún ń dí àyè náà mọ́ nikotíìnì, bí ènìyàn bá wá fa sìgá kò ní gbádùn rẹ̀. A ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a ṣì ń fa sìgá lọ́wọ́: mílígíráàmù ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti ọjọ́ kẹrin dé ọjọ́ keje, lẹ́yìn náà mílígíráàmù kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ 12 yóò fi pé. Ọjọ́ kẹjọ ni mo yàn láti jáwọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ karùn-ún ni sìgá ti ń dà bí ìwé jíjóná lẹ́nu mi. Mo jù ú nù láàbọ̀, ohun tí n kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Ìnira rẹ̀ ni pé èébì ń gbé mi bí mo bá lò ó láìjẹun, mo sì ń lá oríṣiríṣi àlá. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo lá a pé mò ń wa bọ́ọ̀sì mi gba inú Ọjà-Ọba kọjá, àwọn èrò sì ń bínú pé n kò dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù.

Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é kó o kúrò lórí àtẹ nítorí èròjà kan tí a kò fẹ́ tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe é báyìí. Nígbà tí àbúrò mi máa jáwọ́ ní 2024, cytisine ni wọ́n fún un. Ara igi kan ni wọ́n ti ń yọ ìyẹn, ilẹ̀ Bọ̀géríà sì ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1960. Ọjọ́ 25 péré ni lílò rẹ̀, ṣùgbọ́n kóró mẹ́fà lójúmọ́ ni ní ìbẹ̀rẹ̀, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ ti dẹ́kun sìgá nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún. Ẹni tí kò lè rántí oògùn lórí àkókò, kí ó má ṣe dáwọ́ lé e.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo ṣubú, níbi ìsọmọlórúkọ kan. Fífà kan péré ni mo ní n óò fà. Nọ́ọ̀sì mi kò bú mi. Ó ní kí n padà sídìí oògùn mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má tún gbà gbọ́ láé pé fífà kan ṣoṣo wà.


Bàbá Ṣakí:

Àbúrò mi tíṣà, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo sì yọ̀ fún ìmọ̀ wọn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ẹni ọdún 71 ni mí. Ní 1994, ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́, tí ìyá rẹ̀ sì yí ojú ọmọ náà kúrò níbi àyà mi nítorí òórùn, ni mo da omi sínú páálí sìgá mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbọ̀n, tí mo ń jágbe mọ́ gbogbo ará ilé. Mo ń jẹ orógbó, mo ń mu omi tútù, mo sì ń rìn yíká àgbàlá lóru. N kò lo oògùn kankan. Ohun tí kò yé mi nínú ọ̀rọ̀ yín ni bí ẹ ó ṣe máa fi nikotíìnì wo ẹni tí nikotíìnì dè. Ṣé a ń fi ẹmu wo ọ̀mùtí ni?


Apòògùn Bódìjà:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, ẹ sì kú orí ire. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti fi sìgá sílẹ̀ láyé ni kò lo oògùn. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá dìde lónìí láti jáwọ́ láìsí ìrànlọ́wọ́, mẹ́ta sí márùn-ún nínú wọn ni yóò ṣì wà láìfa sìgá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹ wà lára àwọn márùn-ún yẹn. Ẹ̀gbọ́n tíṣà ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọn kò sì bọ́ sí i. Oògùn nikotíìnì máa ń fi bí ìdajì kún àǹfààní ẹni. Varenicline máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó dájú bí iná tó pa nígbà tí a da omi sí i, n kò sì ní purọ́ fún wọn.

Ní ti ẹmu, ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ìyára tí nikotíìnì fi ń dé ọpọlọ wà lára ohun tó ń so ènìyàn mọ́ sìgá tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń ti ara àlẹ̀mọ́ra wọlé ń lọ́ra fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kì í gun orí bí ti èéfín, nítorí náà ẹni tó ń sọ ọ́ di bárakú kò wọ́pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń fi àtẹ̀gùn sọ ẹni tó wà lórí àjà kalẹ̀, dípò kí ó fò.

Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fi gbọ̀n yẹn pẹ̀lú bá ìmọ̀ ìṣègùn mu wẹ́kú: ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ìnira máa ń le jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti máa ń rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Kí tíṣà má sì rò pé ó ti pẹ́ jù. Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ àwọn dókítà ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àádọ́ta ọdún, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004: ẹni tó jáwọ́ ní ẹni ọdún 50 jèrè nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí ẹ̀mí rẹ̀, ẹni 40 jèrè bíi mẹ́sàn-án, ẹni 60 pàápàá jèrè bíi mẹ́ta.


Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:

Ẹ jẹ́ kí n bá ìyàwó tíṣà sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọkọ tèmi náà jáwọ́. Ìyá, ẹ fi ọkàn balẹ̀ fún oṣù kan. Wọn yóò máa bínú, wọn kò ní sùn dáadáa, wọn yóò sì máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀ yín kiri. Ọkọ mi fi kílò mẹ́rin kún ara láàárín oṣù mélòó kan, aṣọ rẹ̀ ni a tún rán, a kò tún ra sìgá. Ẹ kó gbogbo àwo eérú àti ìṣáná kúrò nílé, kí ẹ sì fọ aṣọ ìkélé. Èyí tó wá nira jù fún wa ni kíósì iwájú ilé. Òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 kò fàyè gba títa sìgá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ń tà á, òun gan-an ni ó sì máa ń fa ẹni tó ti jáwọ́ padà, torí pé kò sí ẹni tó máa ra odindi páálí nítorí fífà kan. Mo lọ bá ọmọ tó ń tajà níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá ta ẹyọ kan fún bàbá yìí, èmi àti òun ni. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tà á.


Tíṣà Òkè-Ògùn:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sí ìyàwó mi létí, ó sì ti lọ sí kíósì méjì lónìí. Mo ti yan ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú ìsinmi ìdajì sáà, nígbà tí n kò ní rí ẹ̀yìn oko ilé-ẹ̀kọ́ sójú. Àlẹ̀mọ́ra àti ṣíngọ́ọ̀mù ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, n óò sì lọ rí dókítà ní UCH lórí ọ̀rọ̀ varenicline bí ìyẹn kò bá tó. Ìbéèrè mi tó kù kò pọ̀: ṣé àlúwàlá àti ìwẹ̀ kò ní ṣí àlẹ̀mọ́ra náà, ṣé mo sì lè sùn pẹ̀lú rẹ̀?


Apòògùn Bódìjà:

Omi kì í ṣí i, ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sí ara tó mọ́, tó gbẹ, tí kò ní irun, tí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sí apá òkè, ní ọ̀gangan èjìká, kí ó má baà sí níbi tí omi àlúwàlá ń kàn. Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ sí ojú kan náà lọ́jọ́ méjì léra wọn, torí pé ara lè máa yún yín. Àwọn kan wà fún wákàtí 24, àwọn kan fún 16. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò pẹ̀lú. Bí ẹni tí sìgá ń jí láàárọ̀ ṣe ni yín, oní-wákàtí 24 ni n ó yàn fún yín, kí nikotíìnì ti wà lára kí ẹ tó lajú. Bí àlá bá wá ń dà yín láàmú, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì lẹ tuntun mọ́ra bí ẹ bá ti jí. Bí ẹ bá ń mu kọfí, ẹ dín in kù, torí pé èéfín sìgá ló ń jẹ́ kí ara tètè fọ̀ ọ́ dànù. Kọfí tí kò ṣe yín ní nǹkan tẹ́lẹ̀ lè má jẹ́ kí ẹ sùn mọ́. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ ṣẹ́ ẹ po kí ojú rẹ̀ tó ń lẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ sì jù ú síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní í tó o, nítorí pé nikotíìnì ṣì kù nínú rẹ̀.